Ó Yìn Ín

Ọlọ́pàá mẹ́ta tó wá mú Ọdẹ́níyì bọ́ bàtà wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí àwọn tó wá sìnkú, wọ́n sì gba orí òkú kọjá. Kò sí ibòmíràn tí wọn ì bá gbà. Pósí ti ń gùn láti àárọ̀, ó ti inú yàrá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ti yọ síta lójú fèrèsé. Àkàndé ọdẹ, tó sùn sínú rẹ̀, ká ẹsẹ̀ kò díẹ̀ kí àwọn àlejò lè rọ́nà. Mopélọ́lá ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ tí wọn yóò fi bò ó. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Àlá ló ń lá, kò sì sí èyí tó yà á lẹ́nu nínú gbogbo rẹ̀. Ó kàn ṣa abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ kí ọlọ́pàá má baà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ìbọn tó dún níbí láìpẹ́ yìí, ta ló yìn ín?" ni sájẹ́ǹtì tó ṣáájú wọn béèrè.

"Èmi ni mo yìn ín," Ọdẹ́níyì dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n Mopélọ́lá ni. Ó wọlé pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà bàbá wọn lọ́wọ́, èéfín ṣì ń rú lẹ́nu ìbọn náà. Nínú ilé tiwọn, bí ọdẹ bá papòdà, àkọ́bí rẹ̀ ni yóò mú ìbọn rẹ̀, yóò ki ẹtù sí i láìsí ọta, yóò sì yìn ín lẹ́ẹ̀kan sójú ọ̀run kí wọ́n tó gbé òkú wọlẹ̀. Wọ́n gbà pé ariwo yẹn ni oríkì tó gbẹ̀yìn tí ọmọ lè ki bàbá rẹ̀. Ọdẹ́níyì ti ń sunkún láti àárọ̀, ìgbà tí ìbọn dún ló tó dákẹ́.

"Bàbá mi ni mo yìn ín fún, ọ̀gá," ó wí. "Ẹtù lásán ni. Kò sí ọta níbẹ̀."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ọta? Ìwé àṣẹ rẹ dà?"

Sájẹ́ǹtì yìí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọdẹ́níyì ti lé ní àádọ́ta, irun rẹ̀ ti funfun lápá kan, síbẹ̀ "ìwọ" ni ọmọ yìí ń pè é níwájú òkú bàbá rẹ̀. Inú bí Mopélọ́lá débi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, òwú dúdú ló jáde, ó sì fi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òkú ló dá wọn lóhùn. Àkàndé dìde jókòó nínú pósí, ó yọ òwú ihò imú rẹ̀ kan kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì mú ìwé àṣẹ ìbọn jáde nínú àpò tí Mopélọ́lá rán sí ẹ̀wù rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó kà á síwá, ó kà á sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti kú àbí ẹ ò tíì kú?"

"Mo ti kú láti ọjọ́ Ajé."

"Ìwé yìí náà ti kú lọ́jọ́ Ajé nìyẹn." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sínú àpò bàbá, ó sì rọra tẹ bàbá padà sórí ìrọ̀rí.

Bí wọ́n ṣe ń de Ọdẹ́níyì lọ́wọ́ ni ògiri ẹ̀yìnkùlé fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí aṣọ fèrèsé. Pápá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yánga ló wà láàárín pápá, Yánga olórin tí àwòrán rẹ̀ wà lára gbogbo mọ́tò àti gbogbo ògiri ìlú. Ó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ó ní ìbọn ìléwọ́ márùn-ún, ó sì ń yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tan iná yàrá tó ń pa á. Ọta gidi ló wà nínú tirẹ̀. Ọ̀kan gba páànù ilé òkú wọlé, ó lu pósí, ó sì dúró lára pákó ibẹ̀ pẹ̀lú ooru rẹ̀. Àkàndé fọwọ́ kàn án, ó ní ó gbóná.

Ọlọ́pàá mẹ́wàá ló yí Yánga ká. Ọ̀kan gbé agboòrùn dání lórí rẹ̀ kí ọta tó bá padà bọ̀ má baà bà á lórí. Òmíràn ń ṣa èèpo ọta nílẹ̀, ó ń fẹ́ ìyanrìn kúrò lára wọn, ó ń fi aṣọ ìnujú wé wọn kó lè mú wọn lọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ọ̀gá," Mopélọ́lá pe sájẹ́ǹtì, "ẹni tó ń yìnbọn níwájú yín yìí ńkọ́?"

"Èwo?"

"Eléyìí tí ọta rẹ̀ wà lára pósí bàbá mi."

Sájẹ́ǹtì wo pápá, ojú rẹ̀ sì rọ̀ lójijì. "Yánga nìyẹn," ó wí, ó sì ń retí kí Mopélọ́lá dúpẹ́ pé òun sọ fún un.

Wọ́n mú Ọdẹ́níyì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, Mopélọ́lá sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn kì í gùn ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ, àmọ́ wọ́n rìn nínú rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìtọ̀ àti yíǹkì. Nígbà tí Mopélọ́lá gbójú sókè, àwọn ìlẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní ọ̀pá irin lójú, àwọn ọwọ́ sì ń yọ láàárín irin. Bí ilé bàbá wọn ṣe di àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Àga ìyá wọn ṣì wà níbẹ̀, kọ́ńsítébù kan ló jókòó lé e tó ń sùn.

Wọ́n gba bẹ́líìtì Ọdẹ́níyì lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà fi para rẹ̀, wọ́n gba fìlà rẹ̀, wọ́n gba oògùn tó so mọ́ ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gba ẹnu rẹ̀. Kọ́ńsítébù náà jí, ó fi ìka méjì mú un, ẹnu náà sì ṣí kúrò bí ọmọrí ìkòkò, kò dun Ọdẹ́níyì rárá. Ibẹ̀ wá dán bí gìgísẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí ni, nítorí ẹnu náà ló jẹ́wọ́. Wọ́n fi í sínú ọ̀rá, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e sórí pẹpẹ láàárín ọ̀bẹ àti rédíò jíjí. Ẹnu náà kò dákẹ́. Ó ń sọ nínú ọ̀rá pé, "Bàbá mi ni. Bàbá mi ni," èémí rẹ̀ sì ń mú kí ọ̀rá náà ṣú.

Wọ́n ti Ọdẹ́níyì mọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ní igun. Aṣọ kanfáàsì ni wọ́n fi ṣe sẹ́ẹ̀lì náà, abẹ́rẹ́ ńlá kan sì ń dá rán ojú ibi tó ṣí. Mopélọ́lá wo ojú ìrán náà bí télọ̀ ṣe ń wo iṣẹ́ télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àránpa ni, ìrán tí wọ́n kì í tú. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gún un lẹ́ẹ̀kan, sẹ́ẹ̀lì á fún sí i, eékún Ọdẹ́níyì á sì sún mọ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fẹ̀hìntọlá ni akọ̀wé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níwájú rẹ̀ tí kò ní àmì ohùn kankan. Ó ní wọ́n ti bọ́ sọnù láyé àwọn òyìnbó, pé kò sẹ́ni tó wá wọn.

Yánga wá sí àgọ́ náà láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n mú un o, ó ní ọwọ́ òun dilẹ̀ ni. Kò rìn wọlé, ilẹ̀ ló ń sún wá sábẹ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n sì gbé àga márùn-ún fún ìbọn rẹ̀ márààrún. Àwọn ìbọn náà wọ awò dúdú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní mọ́ọ̀tì tútù. Ọ̀gá pátápátá àgọ́ náà jáde láti wá ya fọ́tò. Wọ́n ní kí àwọn tó wà ní àhámọ́ gbe orin Yánga, wọ́n sì gbè é. Ọdẹ́níyì nìkan ni kò gbè, nítorí kò ní ẹnu, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé alágídí ni.

"Sà," Fẹ̀hìntọlá wí pẹ̀lú ẹ̀rín, "ìbọn yín tó dára báyìí, kí lẹ fi ṣe lónìí?"

"Mo yìn ín," Yánga dáhùn. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé: O YIN IN. Ó gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó sì kà á jáde bí ẹni tó ń ka orin ìsìn. "Ó yìn ín. Ó mà dára o. Ta lẹ yìn, sà?"

"Ta ni?" Yánga ronú díẹ̀. "Ẹlẹ́dàá mi ni, àbí? Ọjọ́ ìbí mi ni."

Gbogbo àgọ́ ṣe àmín. Wọ́n lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé mọ́ ìwé náà.

Fẹ̀hìntọlá wá gbé ọ̀rá kúrò lórí pẹpẹ, ó fi ìka gbá a. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fi ìbọn ṣe?"

"Mo yìn ín," ni ẹnu Ọdẹ́níyì wí nínú ọ̀rá.

Ó tẹ̀ ẹ́: O YIN IN. Ó kà á, ojú rẹ̀ sì le koko. "Ó yìn ín. Ìbọn. Láìgbàṣẹ. Ọdún mẹ́wàá."

Mopélọ́lá na ọrùn wo ìwé méjèèjì. Kò sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Lẹ́tà N tó kẹ́yìn dọ̀tí lápá òsì nínú èkíní, ó dọ̀tí lápá òsì nínú èkejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí, "ọ̀rọ̀ kan náà lẹ kọ fún àwọn méjèèjì."

"Ohùn wọn ló yàtọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fi àmì sí i fún yín."

Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kan wà tó máa ń na Mopélọ́lá lọ́wọ́ bí ó bá gbàgbé àmì ohùn, nítorí náà kì í gbàgbé. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fàlà sí aṣọ kúrò nínú irun rẹ̀. Àyà rẹ̀ balẹ̀ nígbà náà, ó gbà pé bí òun bá ti fàmì sí i tán, òtítọ́ á hàn, Yánga á wọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀gbọ́n òun á sì lọ sìnkú bàbá wọn. Ó fàmì sí ti Yánga: ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè. Ó fàmì sí ti Ọdẹ́níyì: ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè. Ó pa á rẹ́, ó tún un fà. Ẹni tó yin Ọlọ́run àti ẹni tó yìnbọn, àmì kan náà ló wà lórí wọn.

"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nìyẹn o," ni ṣọ́ọ̀kì wí, ó sì dá sí méjì.

Àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn o, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín ni. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá télọ̀ ni àbí lọ́yà. Mopélọ́lá kórìíra gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú yẹn, ó kórìíra eyín wọn àti bọ́tìnì aṣọ wọn.

Tábìlì tí ó fara tì dìde, ó di àga adájọ́, adájọ́ sì ti wà lórí rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà. Aṣọ dúdú ló wọ̀, àmọ́ bó bá na ọwọ́, àwòrán Yánga máa ń yọ láyà aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ará àdúgbò tó wá sìnkú ti jókòó kún kóòtù, oúnjẹ ìsìnkú ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àkàndé wà láàárín wọn ní ìlà kẹta. Wọ́n ti sin ín, àmọ́ wọn ò sin ín dáadáa, nítorí iyẹ̀pẹ̀ dúró ní eékún rẹ̀, kò dé àyà.

Ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó rọ̀ mọ́ àpótí ẹlẹ́rìí, ó wúkọ́ èéfín díẹ̀, ó ní, "Ọgọ́ta ọdún ni mo ti wà nílé yìí, Olúwa mi. Mo pa ọ̀yà, mo pa ẹtu, mo pa ìgalà kan tí ẹ̀yin gan-an jẹ nínú itan rẹ̀. Mi ò fara kan èèyàn rí."

"Ta ló bi ọ́?" ni adájọ́ wí. Wọ́n gbé e síta, wọ́n sì fi gúnyán níbẹ̀.

Wọ́n pe àwọn ìbọn márùn-ún. Wọn ò dìde, wọn ò sì sọ ohunkóhun. Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ráyè wá.

Wọ́n ṣí ìwé òfin fún Yánga, àwòrán ló kún inú rẹ̀, adájọ́ sì ń lá ìka rẹ̀ ṣí ojú ewé, ó ń sọ pé, "Ẹ wo bí ẹ ṣe rẹwà níbí." Wọ́n ṣí ìwé kan náà fún Ọdẹ́níyì, irin ni ojú ewé rẹ̀, ọlọ́pàá méjì ló ń tì í kó tó yí. Ìwé náà kò ju ẹyọ kan lọ. Mopélọ́lá wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ó wò ó bóyá ìwé méjì ni wọ́n dì pọ̀. Ẹyọ kan ni.

"Ó yìn ín," adájọ́ wí. "Ohun tí kóòtù fẹ́ mọ̀ kò ṣòro. Kí ló yìn? Bó bá jẹ́ ìbọn ló yìn, ọdún mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ èèyàn ló yìn, kó máa lọ ilé rẹ̀. Ta ló máa sọ̀rọ̀ fún un?"

"Bàbá mi ni," ẹnu wí nínú ọ̀rá.

"Ẹ̀rí kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ bò ó."

Wọ́n fi bàtà bo ọ̀rá náà mọ́lẹ̀. Mopélọ́lá ni wọ́n wá tì síwájú. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ìwé ìbúra, wọ́n ní bó bá gbé e kúrò níbẹ̀ kí kóòtù tó dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní í rí oòrùn mọ́. Ìwé náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń mí.

"Bàbá wa ló yìn," Mopélọ́lá wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Àkàndé ọdẹ. Ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n wà níjókòó yẹn."

"Bàbá wọn ló yìn," adájọ́ wí fún Fẹ̀hìntọlá. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá náà wà níbẹ̀, òun náà yìnbọn. Òkú ni, kò sì ní ìwé àṣẹ."

"Ohun tí mo wí kọ́ nìyẹn! Mo ní bàbá wa ni ẹ̀gbọ́n mi yìn!"

"Ta ló mọ bàbá yín?" Adájọ́ wo gbogbo kóòtù. "Ta ló mọ Àkàndé ọdẹ níbí?"

Àwọn ará àdúgbò wo èékánná wọn. Àwọn tí ẹran ìsìnkú ṣì wà lẹ́nu wọn rọra gbé e mì. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sókè. Mopélọ́lá pe wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe ń pe ọ̀kan ni onítọ̀hún ń yí àga rẹ̀ padà kó lè kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ta ni yóò máa yìn ín?" adájọ́ wí. "Ìbọn ni."

Abẹ́rẹ́ gún sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mẹta léra. Eékún Ọdẹ́níyì wọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò lè ké. Ojú rẹ̀ nìkan ló fi ń wo Mopélọ́lá, ojú náà sì ń bẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

Fẹ̀hìntọlá na ọrùn sí i létí. Òórùn yíǹkì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, má jẹ́ kí wọ́n rán an pa. Sọ pé Yánga ló yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni."

Mopélọ́lá wo ìlà kẹta. Bàbá rẹ̀ ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé Mopélọ́lá ń wo òun.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bó ṣe máa ń rọlẹ̀ bó bá ti oko ọdẹ dé, "ṣé o ti jẹun?"

Mopélọ́lá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó yí ojú sí adájọ́.

"Yánga ló yìn," ó wí.

Adájọ́ mú ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀pà. Àwọn ìbọn márùn-ún sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Ìgbà náà ni Mopélọ́lá tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Yánga ló yìn. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ pé Yánga ni Ọdẹ́níyì yìn. Ó sì lè jẹ́ pé Yánga ni ẹni tó yìnbọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni, irọ́ ló jẹ́ lápá kan, òtítọ́ ló jẹ́ lápá kejì, ó sì ti sọ ọ́ tán lábẹ́ ìbúra níwájú gbogbo ayé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, Yánga wò ó lójú.

"Báwo ni ká ṣe gbọ́ ọ?" adájọ́ béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Tún un sọ kó yé wa."

Ẹ̀rù ba Mopélọ́lá, àmọ́ inú rẹ̀ dùn pẹ̀lú, ìdùnnú burúkú kan bí ti ẹni tó di òkúta mú nínú ìjà. Ó lè jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ó kàn lè sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, Yánga ló yìnbọn, ọta rẹ̀ wà lára pósí bàbá mi. Ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí láti sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ sì gún, egungun kan nínú èjìká Ọdẹ́níyì dún bí igi gbígbẹ.

"Ìyìn ni mo ń wí," Mopélọ́lá sọ kíákíá. "Yánga ni ẹ̀gbọ́n mi ń yìn. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n fi ìbọn yìn."

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Àwọn ará àdúgbò yí àga wọn padà, wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju fìlà sókè. Àwọn ìbọn wọ awò wọn padà. Yánga gbé ìka kan sókè láìwo ibi kankan, ó sì tún gbàgbé wọn. Adájọ́ ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ọmọ rere kan fi ìbọn yin Yánga lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó ní nígbà tó ti jẹ́ ọjọ́ ìbí, kò lè jẹ́ ọjọ́ ìsìnkú. Kò sí òkú. Kò sí bàbá kankan. Ó ní kí Fẹ̀hìntọlá pa orúkọ Àkàndé rẹ́ níbi gbogbo tó bá ti rí i.

Fẹ̀hìntọlá pa á rẹ́. Ó ń tẹ lẹ́tà X lórí orúkọ náà títí ìwé fi lu.

Abẹ́rẹ́ tú ìrán rẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí Mopélọ́lá mọ̀ pé kò ṣeé tú, Ọdẹ́níyì sì yí jáde sílẹ̀. Wọ́n bá a na ẹsẹ̀, wọ́n fún un ní fìlà rẹ̀, wọ́n fún un ní bẹ́líìtì. Wọ́n gbé bàtà kúrò lórí ọ̀rá. Wọ́n ti fọ ẹnu náà, ó mọ́, ó sì ń rùn bí ọṣẹ. Kọ́ńsítébù fi í sí ààyè rẹ̀ ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó le.

Mopélọ́lá ń sunkún, ayọ̀ ni tàbí kí ni, kò mọ̀. Kò lè lọ dì mọ́ ọn nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé ìbúra, adájọ́ kò sì tíì dìde. "Bọ̀ọ̀dá mi," ó ń pè é, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti bọ́. Ẹ ti bọ́."

"Mopé," Ọdẹ́níyì wí. Ó ń fọwọ́ kan ètè rẹ̀, ó ń dán an wò. Ara rẹ̀ yá, kò rẹ̀ ẹ́, kò sí ìbànújẹ́ kankan lójú rẹ̀. Ó wo kóòtù kiri, ó sì nawọ́ sí ìlà kẹta. "Ta ni baba tó jókòó yẹn? Ó ń wò mí ṣáá."

Àtẹ́wọ́ dá. Ìka Fẹ̀hìntọlá wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò tíì tẹ nǹkan kan. Adájọ́ tẹ orí sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Abẹ́rẹ́ ńlá náà ti gbé ara rẹ̀ sókè, ó ti fi òwú mìíràn sí ojú rẹ̀, ó sì yí ẹnu sí Ọdẹ́níyì.

"Mi ò mọ̀ wọ́n," Mopélọ́lá wí. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àkàndé dìde ní ìlà kẹta. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó tì í, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín eékún wọn, wọ́n sì ń fa aṣọ wọn sẹ́yìn kí iyẹ̀pẹ̀ má baà kàn wọ́n. Ó wá dúró níwájú Mopélọ́lá. Ó ṣí fìlà lórí, ó sì tẹrí ba díẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe máa ń tẹrí ba fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámú," ó wí. "Ẹ má bínú pé mo ń dí yín lọ́wọ́. Níbo ni wọ́n ń gbà jáde níbí?"

Ọwọ́ ọ̀tún Mopélọ́lá ṣì wà lórí ìwé, ìwé náà sì ń mí lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi júwe ọ̀nà fún un.

"Ẹ ṣeun, mà," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì gba ibẹ̀ lọ.